Ojú Ìyá Mi Lórí Wàláà

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tí kò bá lè fara dà á pa ìwé dé. Wọ́n ti sọ gbogbo èyí tí wọ́n máa ń sọ fún èèyàn: ìbínú ò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà, ọmọ gidi kì í tú bàbá rẹ̀ fó. Mo ti gbọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sí nílé wa ní Tudun Wada lọ́dún tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi tàdáà, yíǹkì àwọn oníkéwú, ya ojú èèyàn. Èmi wà níbẹ̀, èmi ni mo sì ya ojú náà.

Àlùfáà ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin tó ti bá bàbá tirẹ̀ wá sí Kàdúná láti kékeré. Pálọ̀ wa ni ilé-kéwú. Láàárọ̀, àwọn ọmọdé a máa kéwú lórí ẹní. Bó bá di ọ̀sán, àwọn aláìsàn a wá gba hàntú. Ẹni tí kò bá mọ hàntú, bó ṣe rí nìyí: bàbá mi a fi kálámù kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kéwú, bó bá gbẹ, wọn a fi omi tó mọ́ fọ ìkọ̀wé náà sínú abọ́, aláìsàn a sì mu omi dúdú náà. Kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Nílé wa, wàláà yòówù kí ẹ rí tí tàdáà wà lára rẹ̀, tí kì í ṣe ti ọmọ kéwú, omi mímu ẹnì kan ni. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló máa ń fọ̀ ọ́. Gwaggo là ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe àbúrò bàbá lóbìnrin. Opó ni, kò bímọ, ó ń ta aṣọ gwánjò, òkìrìkà, ní ọjà Kasuwan Barci, yàrá ẹ̀yìn ló sì ń gbé. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kì í fọ wàláà. Òun a kọ, ẹlòmíì a fọ̀.

Ìkòkò tàdáà méjì ló wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Èkíní, èéfín dúdú ìdí ìkòkò ni, tí a fi oje igi tí wọ́n ń pè ní kárò pò pọ̀. Ti wàláà nìyẹn. Omi á kàn án, á sì lọ. Èkejì, èso igi bàgàrúwá ni, tí a rẹ sínú omi pẹ̀lú ìṣó tó ti dógùn-ún. Ti bébà nìyẹn, bó bá ta sí aṣọ rẹ, o ti bá a dé sàárè. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń po méjèèjì. Bàbá mi máa ń fi mí yangàn fún àwọn àlejò pé ọmọ òun obìnrin mọ tàdáà ju àwọn ọmọkùnrin kéwú lọ.

Ìyá mi ní tirẹ̀, ohùn ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Òun ló máa ń lé wákà ní àsàlátù àwọn obìnrin Ìlọrin ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bó bá gbé e, tí àwọn yòókù gbà á, àwọn tó ń kọjá lójú títì a dúró. Mo ti fojú ara mi rí aláṣàbá kan tó pa ọ̀kadà rẹ̀, tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ń pariwo pé òun ti pẹ́, tó ní kó dákẹ́ kí òun gbọ́ tán. Lóde, ta ni yóò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ kó má rẹ́rìn-ín? Nílé ńkọ́? Bí bàbá mi bá ti sálámù lẹ́nu ọ̀nà, á fa ìborùn síwájú, á wolẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn nìyẹn, pé obìnrin kì í gbé ojú ìrora pàdé ọkọ. Ó bí ọmọ mẹ́rin, ó sin mẹ́ta, èmi nìkan ló kù, mi ò sì rí i kó sunkún lójú bàbá mi rí. Ojú tí bàbá mi mọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ojú tí a fi ń pàdé àlejò ni.

Mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan láàárín ìlú láti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Bàbá mi rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sára pátákó àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri ni wọ́n ń kọ́ wa, mo sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Nílé wa, a kì í ya ohun tó ní ẹ̀mí.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní yíya èèyàn, ọmọ gúúsù Kàdúná ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Á gbé bébà rẹ sókè lójú gbogbo kíláàsì, á bèèrè lédè Hausa pé, "Ina rai?" Ẹ̀mí dà? Á sì jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀. Bí ó ṣe ń ju tèmi sílẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo lè ya ìkòkò, mo lè ya kẹ̀kẹ́, mo lè ya mọ́sálásí tòun ti ilé gogoro rẹ̀. Bó bá ti di èèyàn, á gan bí igi. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Kí n tó dé ibẹ̀, mi ò ya imú èèyàn rí láyé mi.

Olùkọ́ yìí ní ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Àwòrán tàdáà ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n ń pè ní Ìsọjí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, inú bí mi sí i. Ọkùnrin kan la ẹnu níbẹ̀, ó ń bú ramúramù, iṣan ọrùn rẹ̀ le kankan, mo ní kí ló ṣe bàbá yìí, ta ló gba ilẹ̀ rẹ̀? Ìyá arúgbó kan wà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn, tó ń wo ohun tí àwa ò rí. Ojú ewé kan wà tó jẹ́ ọwọ́ lásán: ọwọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ tó ń kọ̀, ọwọ́ tó ń lé nǹkan sẹ́yìn. Ìlà ni gbogbo rẹ̀. Kò sí àwọ̀ níbẹ̀, kálámù tí wọ́n gé lára ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi yà á, tàdáà rẹ̀ sì ti pọ́n bí omi àgbo. Níbi tí òjìji bá wà, ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi dí i, ìlà á gun ìlà bí ìgbà tí èèyàn ń hun ẹní. Níbi tí ìrora bá wà, kálámù á tẹ̀ mọ́ bébà. Níbi tí ara bá ti dẹ̀, á kàn fò kọjá.

Olùkọ́ ní èso kíkorò ara igi kan ni wọ́n ń rẹ pẹ̀lú irin láti fi ṣe tàdáà náà. Mo bú sẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Háà, bàgàrúwá! Kí ni wọ́n wá ń pè wá ní ará oko fún, nígbà tó jẹ́ tàdáà bàbá mi ni àwọn òyìnbó Ítálì ń lò? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bu díẹ̀ nínú ìkòkò kejì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìgò oògùn. Mo gé kálámù lára ọ̀pá tí bàbá mi fi ń gé tirẹ̀. Ìlà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Ojú tí mò ń yà ló kọ̀ tí kò jí. "Ina rai?" Bébà mi á tún já bọ́.

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wa pé àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn máa ń lọ wo àwọn odi, torí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ lọ wá odi tiyín," ó ní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mi ò ní wá a jìnnà.

Ọdún yẹn gan-an ni ohùn ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. A kọ́kọ́ rò pé ọyẹ́ ni, ọyẹ́ Kàdúná kì í bá èèyàn ṣeré. Ó ń lá oyin, ó ń jẹ atalẹ̀. Ọyẹ́ lọ, ohùn kò padà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó dìde ní àsàlátù láti lé wákà, ó la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde. Àwọn obìnrin rò pé ó gbàgbé orin, wọ́n bá a gbé e. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì jókòó. Kò sọ gbólóhùn kan jáde mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo fipá tú ìborùn rẹ̀ nílé, mo bá kókó kan lọ́rùn rẹ̀ tó ti tó ẹyin àparò, tí kò fi han ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya fọ́tò inú ọrùn rẹ̀, dókítà sì là á yé wa. Kókó náà ti fara ti iṣan tó ń gbé ohùn. Bí wọ́n bá tètè gé e kúrò, ohùn lè padà. Bó bá pẹ́, iṣan á kú, ohùn á sì bá a lọ. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ wá tọwọ́ bọ̀wé kí àwọn lè dá ọjọ́. Mo ní èmi ọmọ rẹ̀ á tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó mi orí. Bí ọkọ rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i, kò ní gorí bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni. Mo bínú sí i láti ọsibítù títí dé ẹnu ọ̀nà wa.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìborùn níwájú, ẹ̀rín lójú.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí hàntú ogójì ọjọ́," bàbá mi ní.

"Bàbá, dókítà ní kó má pẹ́."

"Mo gbọ́. Ṣé o rí i kó máa sunkún? Wò ó, ara rẹ̀ balẹ̀."

Ara rẹ̀ balẹ̀! Ẹ gbà mí. Mo wo ìyá mi, mo ní kó ju ẹ̀rín yẹn nù, kó jẹ́ kí ọkùnrin yìí rí i. Kò jù ú nù.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi bú kéwú. Ìyá mi gba hàntú gbọ́, ó fẹ́ mu ún, ó sì fẹ́ lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ìmáámù mọ́sálásí wa wá kí wa, ó sọ fún bàbá mi lójú mi pé Ọlọ́run tó sọ àìsàn kalẹ̀ ló sọ oògùn kalẹ̀, pé òun náà ti gbé ìyàwó òun lọ fún iṣẹ́ abẹ rí. Bàbá mi ní, "Àmín," bí ẹni tí wọ́n ṣàdúrà fún. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà á. Ó wá mú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó fi bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀. Ká ní ó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun ni, èmi ì bá ti dì í mú, èmi ì bá bá a sunkún.

Lójoojúmọ́ ni Gwaggo ń fọ wàláà, tí ìyá mi ń mu. Omi náà ń dùn ún lọ́fun. Bí bàbá mi bá ti jáde, ìborùn á bọ́ sẹ́yìn, ojú tó wà lábẹ́ ìborùn á sì jáde. Iwájú orí rẹ̀ á ká jọ, ẹnu rẹ̀ á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fẹ́ kígbe, ọrùn á nà, ọwọ́ òsì á máa lé nǹkan sẹ́yìn. Ó ń kọ orin tí kò jáde. Ó ń bínú. Mi ò mọ̀ rí pé ìyá mi lè bínú tó bẹ́ẹ̀, ìbínú yẹn sì pọ̀ ju tèmi lọ. Mo jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú bébà lórí orúnkún, mo sì ń yà á. Kò ní kí n má yà á. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé bébà kẹta lọ sí kíláàsì. Olùkọ́ gbé e sókè. Mo ń retí kó jù ú sílẹ̀. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó wò ó, ó padà wá, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Wace ce wannan?" Ta ni obìnrin yìí? Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ara rẹ̀ ò yá. Kí lo ń ṣe níbí? Gbé e lọ sí ọsibítù." Ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún èèyàn.

Bí mo ṣe ń padà sílé lọ́jọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Bí àjèjì tí kò mọ ìyá mi rí bá lè wo ìlà tàdáà, kó sì sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, bàbá mi náà á wò ó, á sì tọwọ́ bọ̀wé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Ẹni tí kò rí ojú ńkọ́? Mo máa gbé ojú náà fún un.

Ṣùgbọ́n bébà kọ́. Bébà tí èèyàn wà lórí rẹ̀, bàbá mi á yí ojú kúrò kó tó rí ẹni tó jẹ́. Wàláà nìkan ló máa ń gbé súnmọ́ ojú. Nítorí náà mo mú èyí tó fẹ̀ jù nínú wàláà rẹ̀, mo gbé e lé orúnkún, mo sì bẹ ìyá mi pé kó jókòó. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un. Ó ronú títí. Ó wá tú ìborùn, ó jẹ́ kí ojú náà jáde tán pátápátá, kò dá ohunkóhun dúró. Mo yà á bó ṣe rí. Iṣan ọrùn, kókó, ẹnu tó là, ọwọ́ tó ń kọ̀. Nígbà tí mo fi hàn án, ó fi ìka kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú wàláà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun nìyẹn.

Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ kejìlá nínú ogójì.

Tàdáà ìkòkò kìíní ni mo lò. Mi ò fẹ́ ba wàláà bàbá mi jẹ́, ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Ká ní bàgàrúwá ni mo rì kálámù sí, omi odò Kàdúná lódindi kì bá tí lè fọ̀ ọ́. Mo ti fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín wàláà, tó mọ̀ pé tàdáà ara wàláà, mímu ni wọ́n ń mu ún nílé wa, òun ló gbé ojú ìyá rẹ̀ síbẹ̀, tó sì jáde nílé.

Torí mo jáde. Mo gbé wàláà náà lé orí awọ tí bàbá mi fi ń kírun nígbà tó lọ kírun Àsárì. Ìtìjú àti ẹ̀rù kò jẹ́ kí n dúró. Mo lọ jókòó sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan lópòópónà kejì. Nígbà tí mo padà, wàláà ti mọ́ tónítóní, wọ́n ti gbé e ti ògiri kó lè gbẹ. Abọ́ wà nílẹ̀ níwájú ìyá mi. Dúdú díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀.

Ìyá mi ti mu ojú ara rẹ̀.

Mo kígbe. Mo ní ta ló fọ̀ ọ́, ta ló fọ̀ ọ́? Ìyá mi fi àtàńpàkò yí orí ìka, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, ó nawọ́ sí yàrá bàbá mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, mo ṣì máa bá Bàbá sọ ọ́. Ó tún ṣe é. Mi ò wò ó mọ́. Mo ti sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Gwaggo ti ń tú ẹrù ọjà rẹ̀.

"Gwaggo, kí lẹ fọ̀ ọ́ fún? Ẹ ò rí i pé èèyàn ló wà níbẹ̀?"

"Fọ kí ni? Wàlláhì mi ò fọ nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà ni."

"Ta ló tún ń fọ wàláà nílé yìí? Ṣé àǹjọ̀nú ni?"

"Mo búra fún ọ. Èmi kọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbà á gbọ́. Mo wo ojú obìnrin tó wẹ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọ jòjòló, mo sì sọ fún un pé ẹni tí kò bímọ rí kò lè mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá. Ẹyin lohùn. Gwaggo ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká. Lọ́jọ́ kejì ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹbí wa kan ní Mando. Bàbá mi bèèrè pé kí ló lé e, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Mo ṣe bí ẹni tó jàre.

Mo fẹ́ ya ojú náà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní mo máa dúró lórí rẹ̀ títí Bàbá á fi wò ó. Ìyá mi kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó fa ìborùn síwájú. Mo gbé wàláà dé, ó yí sí ògiri. Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé kò fẹ́ ohùn rẹ̀ ni, ṣé àsàlátù ò ṣe pàtàkì sí i mọ́? Ó kàn ń wò mí. Ọjọ́ ń lọ. Mo fi bébà kẹta han bàbá mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n lọ sun nǹkan yẹn. Mo sọ ọ́ lẹ́nu títí ẹnu mi fi bó. Ẹ̀rín ìyá mi ló ń rí, ẹ̀rín yẹn ló sì fi ń dá mi lóhùn.

Ogójì ọjọ́ pé. Kókó kò yẹ̀. Bàbá mi wọ aṣọ, ó bá wa lọ, ó tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n gé kókó náà kúrò láìséwu, ẹ̀jẹ̀ kò dà jù, ọgbẹ́ rẹ̀ sì san. Dókítà pe èmi àti bàbá mi sí ọ̀dọ̀, ó ní kókó ti lọ, kò sì ní padà, ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣan ohùn ti kú. Mo bi í pé nígbà wo ló kú. Ó ní òun ò lè fi ìka kan ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bí a bá ti wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, òun lérò pé òun ì bá gbà á là.

Mo ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn níbẹ̀. Ọjọ́ wàláà ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè ṣì wà lọ́jọ́ náà.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níyàwòrán ní ilé-ìwé kan ní Barnawa báyìí. Bí mo bá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya ẹnu tó là, wọ́n máa ń sọ láàárín ara wọn pé ó ti ń bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí Gwaggo wá láti Mando láti wá kí ìyá mi. Ọ̀sán ni. Bàbá mi jókòó lórí awọ ìkírun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi wà lórí ẹní. Gwaggo gbé ògì gbígbóná wá nínú fúláàsì, ó rántí pé ohun líle ṣì ń ni ín lára. Ó kúnlẹ̀ ti ìyá mi, ó fọwọ́ kan àpá ọrùn rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ mi gbóná.

"Ẹ kú àbọ̀, Gwaggo," mo ní. "Ẹ ti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Gwaggo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo, ó ṣì di fúláàsì mú.

"Ẹ tún búra o. Ẹ ní ẹ̀yin kọ́."

"Fi í sílẹ̀," bàbá mi ní.

"Mi ò fi wọ́n sílẹ̀, Bàbá. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ ò mọ ohun tó wà lára wàláà yẹn."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ẹ fọ kí ni?"

"Wàláà. Mo ti mọ́sálásí dé, mo bá a lórí awọ mi. Mo bu omi, mo fọ̀ ọ́. Èmi ni mo gbé e fún un."

"Ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo rí i."

"Ẹ mọ ẹni tó jẹ́?"

Ó ń wo ilẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. "Ó jọ ọ́ jù," ó ní. "Mi ò lè wò ó. Mo ní bó bá mu ún, bóyá á tán lára rẹ̀."

Ó jọ ọ́ jù. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń wá kí ẹnì kan sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bàbá mi wá sọ ọ́. Mo ti ń ba ara mi nínú jẹ́ pé ìlà mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dé ibi tí mo rán an, ó kan ilẹ̀kùn, bàbá mi ṣí i, ó rí i, ó sì tì í padà. Ìyá mi sì mọ̀. Òun ló gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ìka ka tẹ̀sùbáà fún mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, èmi tí mo ní mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọwọ́ èèyàn. Ìdí tí kò fi jókòó fún mi mọ́ nìyẹn. Ó ti fi ojú náà han ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ rẹ̀ sì ti fún un mu.

Orúnkún mi ì bá ti tẹ̀ fún Gwaggo lójú ẹsẹ̀. Kò tẹ̀, ọjọ́ kejì ni mo tó lè bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nígbà náà, igbe ni.

"Ẹ̀yin ò lè wò ó fún ìṣẹ́jú kan! Ẹni tó ń gbé e kiri ńkọ́? Ta ló ní kó sọ ọ́ kalẹ̀?"

Bàbá mi ní, "Sùúrù," ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa.

Ìyá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa yíjú sí i. Ó dìde lórí ẹní, ó rọra rìn lọ bá bàbá mi, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Bàbá mi na ọwọ́ sí i, mo rò pé ó lérò pé ìyá mi wá bẹ̀bẹ̀ fún mi ni. Ìyá mi tú ìborùn, ó jù ú sẹ́yìn. Ó mú àgbọ̀n bàbá mi, ohun tí obìnrin kan ò ṣe rí nínú ilé yẹn, ó gbé ojú rẹ̀ sókè títí ojú méjèèjì fi pàdé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò. Iwájú orí ká jọ, iṣan ọrùn nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá, ẹnu là gbàgà, ó sì kígbe mọ́ ọn láìsí ohùn kankan. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń jáde.

Bàbá mi fẹ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá mi dì í mú, ó yí i padà.